Bí A Ṣe Ń Ṣe Ọbẹ̀ Sàláàdì Oníyànmọ̀tí ti Ilẹ̀ Jàpáànù

Ẹni tó bá ti jẹ sàláàdì rí nílé oúnjẹ àwọn ará Jàpáànù, ì báà jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí l'Ékòó, kò ní ṣàìmọ ọbẹ̀ kan tí wọ́n máa ń dà sórí kábéèjì tí wọ́n rẹ́ tín-ín-rín. Ó ki díẹ̀, ó pọ́n rúsúrúsú, ó dùn, ó kan, iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n, òórùn rẹ̀ sì ti ń ta sánsán kí àwo tó balẹ̀ síwájú ẹni. Yànmọ̀tí ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé inú ìgò tí wọ́n ń tà nílé ìtajà ńlá nìkan ni irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti lè wá, a sì ń san owó gọbọi lé e lórí. Bẹ́ẹ̀, èròjà rẹ̀ kò ju méje lọ, kò sì sí èyí tí iná ń kàn nínú wọn àfi yànmọ̀tí fúnra rẹ̀. Ìdí iná yẹn àti ìdí ọlọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá yan yànmọ̀tí rẹ̀ dáadáa, tó sì lọ̀ ọ́ ní kété tó yan án tán, ti ṣe èyí tó le nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fi ibẹ̀ ṣeré, kò sí ṣúgà tàbí máyónéèsì tó lè bá a tún un ṣe.

Àwọn ará Jàpáànù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi yànmọ̀tí jẹ ewébẹ̀. Kí sàláàdì irú ti àwọn òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń bọ ẹ̀fọ́ lómi gbígbóná, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì ń fi yànmọ̀tí lílọ̀, ṣúgà àti sọ́ọ̀sì sóyà pò ó. Goma-ae ni wọ́n ń pe oúnjẹ yẹn, ó sì ṣì wọ́pọ̀ nílé wọn títí dòní. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọbẹ̀ yànmọ̀tí tún gba ọ̀nà mìíràn wọlé: wọ́n á gé ẹran màlúù ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á fi igi ìjẹun tì í bọ omi tó ń hó, kò ní pẹ́ níbẹ̀ rárá tí wọ́n á fi yọ ọ́, tí wọ́n á fi run ọbẹ̀ yànmọ̀tí. Ilé oúnjẹ Suehiro ní ìlú Osaka ló sọ oúnjẹ náà ní shabu-shabu lọ́dún 1952. Máyónéèsì ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Ọdún 1925 ni ilé iṣẹ́ Kewpie ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta tiwọn ní Jàpáànù, pupa ẹyin nìkan ni wọ́n sì ń fi ṣe é, wọn kì í fi funfun rẹ̀ sí i. Ọbẹ̀ sàláàdì tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, goma-ae àtijọ́ ni, tí wọ́n fi máyónéèsì mú ki, kí ó lè dúró lórí ewé tútù láìṣàn lọ sí ìdí àwo.

Ilẹ̀ Jàpáànù fúnra rẹ̀ kì í gbin yànmọ̀tí tó nǹkan. Erékùṣù Kikai, lábẹ́ Kagoshima ní apá gúúsù, ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀nba tí wọ́n ń gbìn, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí wọ́n ń gbìn nílé kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń jẹ. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ìyókù wá fún wọn, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń tà á fún wọn jù. Jigawa, Nasarawa, Benue, Taraba: ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ wa ti ń gbìn ín, tí wọ́n ń dì í sápò láìyan án, láìfún òróró rẹ̀, tó sì ń gba èbúté Èkó lọ. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Badeggi, ní Ìpínlẹ̀ Niger, ní yànmọ̀tí lára àwọn ohun ọ̀gbìn tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Mo ka èyí sí ọ̀rọ̀ pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ ṣe ọbẹ̀ yìí nílé. Ohun tí ará Tokyo ní láti dúró dè kó wọ ọkọ̀ òkun wá, ọjà wa ló wà. Ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú wa mọ òróró rẹ̀ nínú ìgò tó ti òkèèrè dé ju bí a ṣe mọ hóró rẹ̀ lọ.

Lọ́jà, ẹ wá a lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀pà, ẹ̀gúsí àti èlò gbígbẹ. Bí ẹni tó ń tà á bá jẹ́ Hausa, rìdí ni kí ẹ pè é. Èyí tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀ ló yẹ ọbẹ̀ yìí. Dúdú náà dùn, àwọn ará Jàpáànù sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń mú ọbẹ̀ rí bí eérú, kì í sì í wu ojú lórí ewé. Ẹ ju díẹ̀ sẹ́nu kí ẹ tó sanwó. Yànmọ̀tí tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn, ó sì máa ń dùn díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti jẹ ẹ́ rún; èyí tó ti pẹ́ máa ń korò, ó sì máa ń rùn bí òróró tó ti bàjẹ́. Òróró tó bàjẹ́ náà ni lóòótọ́, nítorí nǹkan bí ìdajì hóró yànmọ̀tí ló jẹ́ òróró, òróró tó bá sì ti bá afẹ́fẹ́ àti ooru gbé pẹ́ kò ní ṣàìbàjẹ́.

Iyanrìn ni ọ̀tá kejì. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń gbọ̀n ọ́n kúrò nínú èpo rẹ̀, hóró iyanrìn sì kéré bíi tirẹ̀, fífẹ́ lórí atẹ nìkan kò lè yọ ọ́. Ẹ dà á sínú abọ́ jíjìn, ẹ bu omi lé e, ẹ fi ọwọ́ rò ó, kí ẹ sì tètè da omi pẹ̀lú yànmọ̀tí tó ń yí lókè sínú asẹ́ olójú wẹ́wẹ́. Iyanrìn á ṣẹ́kù sí ìdí abọ́. Ẹ máa tún un ṣe títí ìdí abọ́ á fi mọ́, kí ẹ wá sá a sórí aṣọ títí yóò fi gbẹ dáadáa. Bó bá tutù dé orí iná, ńṣe ni yóò kọ́kọ́ sè kó tó yan, òórùn rẹ̀ kò sì ní jáde bó ṣe yẹ.

Àwọn ará Jàpáànù ní ìkòkò amọ̀ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ń yan án, hōroku lorúkọ rẹ̀. Páànù ìdínǹkan tó nípọn yóò ṣe é fún wa. Ẹ gbé e kaná láìfi òróró sí i, ẹ jẹ́ kí iná mọ níwọ̀n, kí ẹ sì da yànmọ̀tí sí i kó tẹ́ ìdí páànù lásán, kó má gun ara wọn gègèrè. Láti ìgbà yẹn, ẹ má fi ibẹ̀ sílẹ̀. Bí fóònù bá dún, ẹ jẹ́ kó máa dún. Ẹ máa fi ṣíbí onígi rò ó, ẹ máa mi páànù. Fún bí ìṣẹ́jú kan sí méjì, kò ní jọ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni hóró kan á ta sókè. Òmíràn á tẹ̀ lé e. Ara wọn á wú díẹ̀, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, wọn á sì máa dún ṣẹ́ẹ́rẹ́ṣẹ́ẹ́rẹ́ lórí irin bí ẹ ti ń rò wọ́n. Ẹ mú hóró kan, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tẹ̀ ẹ́: bó bá rún wómúwómú, ó ti tó. Ẹ dà á sórí àwo tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ooru irin á ṣì máa yan án lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná. Láàárín èyí tó yan dáadáa àti èyí tó jóná, àkókò ibẹ̀ kò pọ̀. Èyí tó bá sì ti jóná, ẹ dà á nù, kí ẹ yan òmíràn. Ìkorò rẹ̀ kì í fara pamọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ nìkan ni iná yìí wà fún. Òórùn tí a fi mọ yànmọ̀tí, iná ló ń dá a, nígbà tí ṣúgà àti purotéènì inú hóró bá pàdé nínú ooru. Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun kan tún wà nínú hóró náà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sesamolin. Ooru máa ń sọ ọ́ di sesamol, sesamol yìí sì ń dáàbò bo òróró kó má tètè bàjẹ́. Ìdí rèé tí òróró yànmọ̀tí yíyan fi ń pẹ́ nínú ìgò. Ṣùgbọ́n òórùn kì í dúró deni bẹ́ẹ̀. Kété tí a bá ti lọ hóró ni ó ti ń fò lọ, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìyẹ̀fun yànmọ̀tí tí wọ́n ti lọ̀ tà kì í dùn tó èyí tí a lọ̀ fúnra wa. Àwọn alásè tó mọ iṣẹ́ ní Jàpáànù, kódà bí wọ́n bá ra èyí tí wọ́n ti yan, wọ́n ṣì máa ń gbé e padà sórí iná fún ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó lọ̀ ọ́.

Suribachi ni odó amọ̀ tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ kò dán. Ńṣe ni wọ́n máa ń fi ohun eléyín fa ilà wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ nígbà tí amọ̀ ṣì tutù, ilà tó ti ìdí abọ́ lọ dé ẹnu. Igi ni ọmọ odó rẹ̀, surikogi, igi sanshō ni wọ́n sì kà sí ojúlówó. Wọn kì í fi gún. Ọwọ́ kan á di orí igi mú kó má yẹ̀, èkejì á máa yí i lára ilà yẹn, hóró tó bá há sáàárín á ya. Wọ́n á ti tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ abọ́ kó má baà máa yọ̀ lórí tábìlì.

Ilà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Hóró yànmọ̀tí kéré, ara rẹ̀ sì ń yọ̀, nínú odó tí inú rẹ̀ ń dán ńṣe ló ń sá kiri fún ọmọ odó. Nínú ohun tó wà nílé wa, ọlọ ló súnmọ́ suribachi jù: ojú rẹ̀ kò dán, lílọ̀ ni à ń lọ nǹkan lórí rẹ̀. Kí ẹ ṣáà rí i pé ata àná kò kù sójú rẹ̀. Bùlẹ́ńdà kékeré tí wọ́n fi ń lọ nǹkan gbígbẹ náà lè ṣe é, tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, tí ẹ ń dá a dúró. Bí ẹ bá jẹ́ kó máa sáré lọ, ooru á fa òróró jáde lójijì, yànmọ̀tí á sì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ pátápátá.

Níbo ni kí a dúró sí nínú lílọ̀? Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó gbẹ, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Tó bá yá, ìró náà á rọlẹ̀, òórùn á gba gbogbo ilé ìdáná, ìyẹ̀fun á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù díẹ̀, á máa so mọ́ra bí a bá fi ìka kó o jọ. Ibẹ̀ ni èmi máa ń dúró sí, nígbà tí díẹ̀ nínú hóró kò tíì kúnná tán, nítorí mo fẹ́ kí eyín ṣì rí nǹkan rún nínú ọbẹ̀. Ẹni tó bá ń bá a lọ, ìpara ni yóò dà lẹ́yìn. Ìyẹn dára fún ọbẹ̀ ẹran shabu-shabu, ṣùgbọ́n fún ewé, ó wúwo jù.

Sọ́ọ̀sì sóyà ló kàn. Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó rà á. Lára ojúlówó, ẹ̀wà sóyà, àlìkámà, iyọ̀ àti omi ni ẹ ó rí. Wọ́n ti se sóyà, wọ́n ti yan àlìkámà, wọ́n ti fi koji sí i, ìyẹn olú tíntìntín kan tí ń jẹ́ Aspergillus oryzae, wọ́n sì ti rì í sínú omi iyọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó fún un. Ẹni tó mọ bí igbá ṣe ń di irú yóò tètè lóye iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bakitéríà ló ń ṣe ti irú: purotéènì inú hóró ló ń wó lulẹ̀ di ohun tó ń mú ọbẹ̀ ládùn. Onímọ̀ kẹ́míkà ará Jàpáànù kan, Kikunae Ikeda, ló tọ́ka sí adùn yẹn lọ́dún 1908, nígbà tó yọ glutamate jáde lára koríko inú òkun tí wọ́n ń pè ní kombu. Oríṣi sọ́ọ̀sì sóyà kan wà tí wọn kì í fi oṣù kankan pọn. Ásíìdì ni wọ́n fi ń fọ́ purotéènì sóyà, wọ́n á wá fi ṣúgà jíjóná pa á láró. Iyọ̀ ni ẹ ó tọ́ wò nínú rẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan mìíràn. Ó sàn kí ẹ ra ìgò kékeré ojúlówó. Bákan náà, èyí tó dúdú, tó ki, tí àwọn ará Ṣáínà fi ń mú ọbẹ̀ pọ́n, kọ́ ni à ń wí.

Fínígà ìrẹsì rọ ẹnu ju fínígà funfun tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ásíìdì inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 4 nínú ọgọ́rùn-ún, ti funfun sábà máa ń jẹ́ 5. Bí ẹ kò bá rí ti ìrẹsì, ẹ fi ṣíbí omi kan la ṣíbí fínígà funfun mẹ́rin, kí ẹ fi ṣúgà tó kún ìka méjì sí i. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà kan, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ á máa bá ti yànmọ̀tí du ipò, èmi kì í lò ó níbí.

Fún sàláàdì tí ènìyàn mẹ́rin yóò jẹ, ẹ wá yànmọ̀tí yíyan ṣíbí ìjẹun 4, sọ́ọ̀sì sóyà ṣíbí 2, fínígà ṣíbí 2, ṣúgà ṣíbí 1, máyónéèsì ṣíbí 3, àti òróró yànmọ̀tí yíyan ṣíbí tíì 1. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ rin ata ilẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fún omi rẹ̀ nìkan sí i. Aáyù jẹ mọ́ ti àwọn ará Kòríà àti Ṣáínà ju èyí lọ. Bó bá wọ inú rẹ̀ ju bíńtín lọ, òun nìkan ni ẹ ó máa gbóòórùn.

Ẹ da ṣúgà sínú fínígà àti sọ́ọ̀sì sóyà kọ́kọ́, kí ẹ rò ó títí ṣúgà kò fi ní há mọ́ lábẹ́ ṣíbí. Ṣúgà kì í yọ́ nínú òróró, ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á máa jẹ hóró ṣúgà nínú sàláàdì. Ẹ da yànmọ̀tí lílọ̀ sí i, kí ẹ jẹ́ kó mu omi yẹn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa fi máyónéèsì sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa lù ú pọ̀. Omi àti òróró kì í gbé pọ̀, ṣùgbọ́n pupa ẹyin inú máyónéèsì ní lecithin, tó ń fi apá kan di omi mú, tó ń fi apá kejì di òróró mú, òun ni kò ní jẹ́ kí ọbẹ̀ yín pín sí méjì. Òróró yànmọ̀tí ló kẹ́yìn. Nítorí òórùn rẹ̀ ni a ṣe ń fi í sí i, ṣíbí tíì kan náà tó. Bó bá pọ̀ jù, á bo gbogbo ohun tí ẹ ti fara balẹ̀ yan. Sàláàdì kírímù kò lè rọ́pò máyónéèsì o: fínígà àti ṣúgà ti pọ̀ nínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí máyónéèsì yín bá sì dùn bí ọ̀pọ̀ èyí tó wà lórí àtẹ, ẹ dín ṣúgà kù sí ìdajì.

Fún ẹni tí kì í jẹ ẹyin, ẹ fi òróró ẹ̀pà ṣíbí 2 àti ìpara yànmọ̀tí ṣíbí 1 rọ́pò máyónéèsì, kí ẹ máa da òróró sí i tín-ín-rín bí ẹ ti ń lù ú. Èyí súnmọ́ ti àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n máa ń fi ìpara yànmọ̀tí yíyan sínú ọbẹ̀ tí wọ́n ń dà sórí adìyẹ bíbọ̀ tí wọ́n ya ní Sichuan. Bí kò bá sí ìpara yànmọ̀tí, ti ẹ̀pà yóò gbà á sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ lè jẹ́ ohun kan náà.

Ewé wá ńkọ́? Kábéèjì, kùkúńbà, kárọ́ọ̀tì àti lẹ́tùúsì ló bá a mu jù. Ẹ rí i pé omi tí ẹ fi fọ̀ wọ́n ti gbẹ lára wọn, nítorí ọbẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ewé tó tutù, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀ kúrò. Àkókò tí wọ́n bá fẹ́ jẹun ni kí ẹ tó dà á lé e. Iyọ̀ inú sọ́ọ̀sì sóyà máa ń fa omi jáde lára ewé, kùkúńbà tí ẹ bá pò sílẹ̀ láàárọ̀ á ti rọ, á ti lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ara rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ewé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí amúnútutù tí a bọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, tí a fún omi rẹ̀ dáadáa, tí a sì fi ọbẹ̀ yìí pò, dùn débi pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ti kábéèjì lọ. Ó sì súnmọ́ goma-ae tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bi àwọn àlejò yín kí ẹ tó bù ú fún wọn. Àwọn kan wà tí yànmọ̀tí lódì sí ara wọn gidigidi, tí ẹnu wọn á wú tàbí tí mímí á nira fún wọn. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2023, òfin ti mú un ní dandan kí a kọ ọ́ sára oúnjẹ inú páálí àti ìgò bí a ti ń kọ ẹ̀pà àti ẹyin. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dà á sínú ìgò tó mọ́, tó gbẹ, kí ẹ dé e, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí iná mànàmáná bá lọ pẹ́, ẹ má fi máyónéèsì tó ti móoru dánra wò. Ìyẹ̀fun yànmọ̀tí á ti mu omi sínú lóru, ọbẹ̀ á sì ti ki ju bó ṣe wà lọ. Ẹ fi ṣíbí omi kan là á, ẹ lù ú pọ̀, ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ fi fínígà díẹ̀ kún un bí kíkan rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀.